Rédíétọ̀ Tó Wọ Inú Àgbá

Dókítà fi ọwọ́ kan gbé rédíétọ̀ alumíníọ̀mù sókè bí ẹni gbé àwo ìjẹun, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá a padà sórí tábìlì. Ó wá kọjú sí èkejì, èyí tí wọ́n fi bàbà àti idẹ ṣe. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé ìyẹn, orúnkún rẹ̀ sì bá a gbé e.

"Ẹ rọra o, Dókítà," ni Ọwọ́-Ọ̀tún sọ. "Òjé ara rẹ̀ kò tíì tutù tán."

Irọ́ ni. Òjé náà ti tutù láti àná. Ohun tí kò tutù ni inú Ọwọ́-Ọ̀tún fúnra rẹ̀, nítorí òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe rédíétọ̀ bàbà yẹn, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúnkún wọn ìwúwo rẹ̀ lójú ẹni tó ṣe èkejì.

Ẹni tó ṣe èkejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń fi etí aṣọ nu ọwọ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí ó tín-ín-rín débi pé màmá Ọwọ́-Ọ̀tún máa ń ní bí atẹ́gùn bá fẹ́, kí wọ́n yáa so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ọmọ àbúrò màmá náà ni. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Bàbá rẹ̀, tó ń fi alumíníọ̀mù kan ọkọ̀ ojú omi, náà wá ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá, ni wọ́n bá mú ọmọ náà wá sílé yìí pẹ̀lú àpò aṣọ kan àti awò dúdú tí bàbá rẹ̀ fi ń jórin. Oṣù díẹ̀ ni Ọwọ́-Ọ̀tún fi jù ú lọ, síbẹ̀ "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè é, "ẹ" ló sì ń lò fún un. Ìyẹn gan-an tún ń bí Ọwọ́-Ọ̀tún nínú. Ó rọrùn láti kórìíra aláfojúdi. Oníwà pẹ̀lẹ́ ló ń tánni ní sùúrù.

Ọwọ́-Ọ̀tún kì í ṣe orúkọ àbísọ. Láti ìgbà tó ti ga tó tábìlì iṣẹ́ ló ti ń na sípánà sí bàbá rẹ̀ kí bàbá tó béèrè, ni bàbá bá sọ ọ́ ní ọwọ́ ọ̀tún òun. Àwọn oníbàárà gbà á lẹ́nu bàbá, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ gbà á lẹ́nu oníbàárà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ṣọ́ọ̀bù onípáànù tí bàbá ti ń tún rédíétọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni ó ti máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, tó bá sì ṣe é tán, á wọ ẹ̀wù iṣẹ́, á gbé iná gáàsì, á máa fi òjé lẹ ibi tó ń jò.

Dókítà tó gbé mọ́tò wá yìí, dókítà eyín ni. Láàárín ọ̀sẹ̀, á máa bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n rọra yanu. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, á wọ inú mọ́tò pupa rẹ̀, á sì máa wà á bí ẹni tí eyín ń dùn. Pápá ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré ìdíje, ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbóná jù tó sì kú lẹ́ẹ̀kan. Kò fẹ́ kí ó kú mọ́. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ní kí ọmọ méjèèjì ṣe rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí oníǹkan wá mú èyí tó wù ú.

Àti pé ẹni tí rédíétọ̀ rẹ̀ bá wọ inú mọ́tò náà ni yóò bá Bàbá lọ sí pápá. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje kì í gbà ju olùrànlọ́wọ́ kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹkáníìkì. Àtọdún mélòó ni Ọwọ́-Ọ̀tún ti ń lá àlá àyè yẹn: òun àti bàbá òun, ẹ̀wù pupa lọ́rùn, mọ́tò ń kígbe kọjá níwájú wọn.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu yín," ni Dókítà sọ. "Ọwọ́-Ọ̀tún, ìwọ ló ṣáájú."

"Bàbà ni kí ẹ mú, Dókítà. Bàbà ń gba ooru ju alumíníọ̀mù lọ, ẹ lè bi ẹni tó bá wù yín. Bí òkúta bá sì ta bà á lójú ọ̀nà, iná díẹ̀, òjé díẹ̀, ó parí. Alumíníọ̀mù ńkọ́? Tó bá ti jò, a ò ní òjé tó lè dì í mọ́ra níbí."

"Ìwọ, olójú àánú, kí lo rí sọ?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ẹsẹ̀ kan tẹ èkejì. "Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n sọ o. Bàbà ń gba ooru jù ú lọ. Àmọ́ òjé ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀, òjé kì í sì í gba ooru bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀pá omi inú rẹ̀ kéré, ni wọ́n ṣe máa ń tò ó ní ìlà mẹ́ta, mẹ́rin. Tí ti iwájú bá ti gba afẹ́fẹ́ tútù, ooru ló kù fún ti ẹ̀yìn. Ti alumíníọ̀mù fẹ̀, ìlà méjì ti tó o, afẹ́fẹ́ á ráyè kọjá. Ó sì fúyẹ́. Tí ó bá jẹ́ mọ́tò tí ẹ fẹ́ fi rìnrìn àjò sí ibi tí kò sí mẹkáníìkì ni, èmi náà á ní kí ẹ mú bàbà. Ṣùgbọ́n eré lẹ fẹ́ sá."

Ó kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá jiyàn! Ènìyàn kì í rí ibi dì mú lára irú ẹni bẹ́ẹ̀.

"Ẹnu kì í mú omi tutù," ni Bàbá sọ. "Ẹ gbé omi gbígbóná wá."

Wọ́n gbé fáànù ńlá síwájú àwọn rédíétọ̀ náà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ti omi tó ń hó gba inú wọn kọjá. Gbogbo wọn ń wo ẹnu ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí omi ń gbà jáde. Bàbá ki ọwọ́ bọ omi tó ń jáde lára ti bàbà, ó fà á yọ kíá, ó ń fẹ́ ẹ. Ó ki ọwọ́ bọ ti alumíníọ̀mù. Ó fi í síbẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó wo Dókítà, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mo ń lé alumíníọ̀mù lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń lé ewúrẹ́," ni ó sọ. Ó gbé ọwọ́ tó tutù náà lé Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lórí. "Ọmọ mi! O là mí lójú lónìí."

Ọmọ mi. Ọwọ́-Ọ̀tún gbọ́ ọ, ó sì dà bíi pé wọ́n yọ àga nídìí rẹ̀. Dókítà ní ti alumíníọ̀mù ni òun mú, Bàbá ń fèsì, kò gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ wọn mọ́. Orí tí bàbá gbé ọwọ́ lé ló ń wò.

Ọjọ́ yẹn kọ́ ni owú náà bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń jowú láti ìgbà tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, tí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé àyè ẹnì kan nìyẹn. Ó jowú nígbà tí Bàbá ń béèrè bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ ojú omi, tó ń fetí sílẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Ó jowú awò dúdú yẹn pàápàá, nítorí òun kò ní awò tí ẹnikẹ́ni fi sílẹ̀ fún òun. Ó mọ̀ pé ẹni tó fi awò sílẹ̀ ti kú ni, ojú ara rẹ̀ tì í, ó sì tún ń jowú. Ìjà ìlara kì í tán bọ̀rọ̀, pàápàá èyí tí ènìyàn ń dá nìkan jà.

Màmá rí i. Bí wọ́n ṣe jọ ń ká aṣọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra, ọmọ mi."

"Màámi, bí ẹyẹ kan bá wá jókòó sínú ìtẹ́ èkejì ńkọ́?"

Màmá wò ó, ó ká aṣọ kan tán kó tó dáhùn. "Ìyẹn ni pé ìtẹ́ náà gbòòrò."

Ọwọ́-Ọ̀tún kó aṣọ tirẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó wá ku kí á sọ ti àgbá. Ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, àgbá irin kan wà lórí iná, omi sódà ló wà nínú rẹ̀, irú sódà líle tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò. Rédíétọ̀ bàbà tó dọ̀tí, tó kún fún epo àti ìpẹtà, wọ́n á fi ìkọ́ rì í sínú omi náà, á sì jáde ní dídán bí owó tuntun. Kò sí rédíétọ̀ tó ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà tí kò gba ibẹ̀ kọjá. Àṣà Bàbá ni: ẹni tó bá gbé iṣẹ́ onídọ̀tí fún oníbàárà, ó ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ṣùgbọ́n sódà tí kì í ṣe bàbà ní nǹkan, jíjẹ ló ń jẹ alumíníọ̀mù. Ọwọ́-Ọ̀tún mọ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, ó fẹ́ kí ìdérí ìkòkò ìyá rẹ̀ dán bíi rédíétọ̀, ó jù ú sínú àgbá, nígbà tó sì máa fi ìkọ́ wá a, kìkì igi ìdìmú rẹ̀ ló rí. Bàbá fà á létí, ó ṣàlàyé fún un, wọ́n sì jọ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ láàárín ara wọn. Màmá ń wá ìdérí yẹn títí di àsìkò tí à ń wí yìí.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa de rédíétọ̀ náà mọ́ inú mọ́tò, Bàbá àti Dókítà jọ lọ ra họ́ọ̀sì tó bá a mu. Ó ku àwọn ọmọ méjèèjì ní ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́-Ọ̀tún jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha idẹ kan tí kò nílò híha. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé rédíétọ̀ alumíníọ̀mù mọ́ra bí ọmọ ọwọ́, ó ń lọ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ó dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Epo àti dúdú ibi tí mo jórin sí ṣì wà lára rẹ̀. Ṣé inú àgbá yìí náà ni n ó ti fọ̀ ọ́?"

Búrọ́ọ̀ṣì náà dúró lórí idẹ. Ọwọ́-Ọ̀tún rí ìdérí ìkòkò. Ó rí i kedere, pẹ̀lú igi ìdìmú rẹ̀.

"Gbogbo ohun tó ń jáde nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, inú àgbá yẹn la ti ń fọ̀ ọ́," ni ó sọ. Kò gbé orí sókè.

Kò sí irọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Òótọ́ tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi ti ẹlòmíràn sínú kòtò, kí la fẹ́ máa pè é?

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n."

Àyè wà fún un láti pè é padà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń wá ìkọ́, ó ń ṣí ọmọrí àgbá, ó ń dà á rò bí òun ṣe máa gbé e sí i. Ọwọ́-Ọ̀tún dìde, ó mú garawa, ó sì jáde lọ pọn omi nídìí ẹ̀rọ tó wà níta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi wà nílé. Ohun tó ń rò ni pé rédíétọ̀ lásán ni. Yóò bàjẹ́, Bàbá yóò bínú díẹ̀, wọ́n á gbé ti bàbà sínú mọ́tò, gbogbo nǹkan á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó dúró kí garawa kún dé ẹnu.

Ìgbà tó ń padà bọ̀ ló gbọ́ igbe.

Àgbá náà ń ru bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Fóòmù funfun ń ṣàn sílẹ̀ lára rẹ̀, ooru tó ń ta nímú kún gbogbo kọ̀rọ̀ náà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró tì í, ó ń fi ìkọ́ wá rédíétọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ń hó! Kí ló ń ṣe é? Kí ló ń ṣe é?"

"Fi sílẹ̀! Má sún mọ́ ọn!"

Ìkọ́ ti mú un. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fà á, rédíétọ̀ náà gòkè díẹ̀, ibi tí ìkọ́ gbé dì í mú já nítorí sódà ti jẹ ẹ́ di bébà, ó sì já padà sínú omi. Omi náà ta sókè. Ó dà lé Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ́wọ́ òsì, láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́.

Ọwọ́-Ọ̀tún kò mọ ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fà á kúrò níbẹ̀, ó sì da gbogbo garawa omi náà lé e lọ́wọ́. Ó sáré lọ pọn òmíràn, ó dà á, ó tún lọ. Omi tó fi ṣe àwáwí láti jáde ló padà ń fi bẹ Ọlọ́run báyìí. Ó ń da omi, ó ń sunkún, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń pariwo, bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò pupa Dókítà ṣe dé iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní omi tí wọ́n tètè dà lé e ló kó ọwọ́ náà yọ. Yóò jinná, ṣùgbọ́n yóò pẹ́, ọmọ náà kò sì ní lè fi kọ nǹkan fún ìgbà díẹ̀. Ọwọ́ òsì yẹn ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì fi ń kọ̀wé. Ìdánwò àṣekágbá sì ń kanlẹ̀kùn.

Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń lọ́ fìlà rẹ̀ mọ́wọ́. "Ta ló ní kí o gbé e síbẹ̀, ọmọ mi?" Ohùn rẹ̀ rọ̀.

Ọwọ́-Ọ̀tún dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ilẹ̀kùn, ó wo Bàbá. "Kò sẹ́ni tó ní kí n gbé e síbẹ̀. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Bàbá."

"Ẹ̀bi rẹ kọ́. Èmi ló yẹ kí n ti sọ fún ọ. Alumíníọ̀mù kò wọ ṣọ́ọ̀bù mi rí, mo bá gbàgbé pé o kò lè mọ ohun tó wà nínú àgbá yẹn." Bàbá fi fìlà nu ojú. "Ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lé mi lọ́wọ́."

Ọwọ́-Ọ̀tún kò rí i kí bàbá rẹ̀ sunkún rí.

Wọ́n gbé rédíétọ̀ bàbà sínú mọ́tò. Ó wọlé wẹ́kú. Àwọn mẹkáníìkì àdúgbò wá wò ó, wọ́n ní ọmọ yìí mọ iṣẹ́, wọ́n ní ẹni bíni là á jọ. Ohun tó fẹ́ gan-an ló rí gbà. Kò wá yé e ìdí tí ìyìn náà fi ń dàbí ẹ̀wù tí wọ́n jí wọ̀.

Nígbà tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ padà sílé, àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú yàrá ní ọ̀sán kan. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, ó tàn sórí báńdéèjì. Ọwọ́-Ọ̀tún kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Kí ló dé tí o fi ní o kò béèrè? O béèrè lọ́wọ́ mi."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ọwọ́ tó dá ṣáṣá tún ìrọ̀rí ṣe. "Ẹ̀yin lẹ ni ilé yìí, Ẹ̀gbọ́n. Èmi, wọ́n gbà mí sínú rẹ̀ ni. Bí mo bá dá wàhálà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti Bàbá, tí wọ́n bá wá ní kí n máa lọ, ibo ni n ó lọ?" Ó gbójú sókè wo Ọwọ́-Ọ̀tún. "Mo sọ fún ara mi pé ẹ ò mọ̀ pé ó léwu ni. Àbí ẹ mọ̀?"

Ọwọ́-Ọ̀tún la ẹnu. Ó ní òun ń lọ bu omi wá.

Ní gbogbo oṣù wọ̀nyí, ẹni tó rò pé ó ń gba bàbá mọ́ òun lọ́wọ́ ni ẹni tí kò ní ibi tí yóò sá sí. Òun tó ní bàbá, tó ní ìyá, tó ní ilé, tó ní orúkọ, ló ń jowú ẹni tó ní àpò aṣọ kan.

Ọjọ́ ìdíje pé. Wọ́n fún un ní ẹ̀wù pupa ní ẹnu ọ̀nà pápá, ó kọ́ ọ sọ́rùn. Ó dúró ti Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, bó ṣe ń lá a lálàá gẹ́lẹ́. Bàbá na ọwọ́ láì wẹ̀yìn, Ọwọ́-Ọ̀tún fi sípánà sí i.

"Ọwọ́ ọ̀tún mi kò já mi kulẹ̀ rí," ni Bàbá sọ fún ẹni tó dúró tì wọ́n.

Àwọn mọ́tò gbéra. Fún ìgbà díẹ̀, Dókítà wà níwájú, mọ́tò pupa náà ń ké kọjá, ilẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀rìn. Ọ̀kan kọjá rẹ̀, òmíràn kọjá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, ipò kẹrin ló wà. Ó jáde, òógùn bò ó, ó bọ́ akoto orí rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ tó ń ka ìgbóná ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ni mo bá rọra," ni ó sọ. "Ṣùgbọ́n rédíétọ̀ yẹn kò jò, ẹ́ńjìnnì kò sì kú. Ẹni tó ṣe é dà? Ọmọ, o gbà mí lónìí. O ṣeun."

Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́-Ọ̀tún bọ́ ẹ̀wù pupa náà, ó ká a, ó gbé e lé orí mọ́tò.

"Ẹ má yìn mí mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá, ó béèrè lọ́wọ́ mi. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ béèrè bóyá inú àgbá ni kí òun ti fọ̀ ọ́, mo sì ní ibẹ̀ la ti ń fọ gbogbo nǹkan. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí rédíétọ̀ náà. Mo wá jáde lọ pọn omi."

Àwọn mọ́tò ṣì ń pariwo lọ́ọ̀ọ́kán. Dókítà wo ilẹ̀.

"Ìdérí ìkòkò ìyá rẹ," ni Bàbá sọ. "O rántí?"

"Mo rántí, Bàbá."

"Mo ti ń bẹ̀bẹ̀ nínú mi pé kí ó jẹ́ pé o gbàgbé ni."

Bàbá ti fura, ó sì ti fẹ̀sùn kan ara rẹ̀ kí ó má baà fi kàn án. Ìyẹn dùn ún ju ẹgba lọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé, Bàbá pè é ní orúkọ àbísọ rẹ̀, èyí tí kò pè é láti ìgbà tó ti ga tó tábìlì.

"Wọlé lọ. Sọ fún ìyá rẹ. Sọ fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà."

Ó sọ ọ́, àti ti ìdérí. Màmá ní, "Ìdérí mi kéré sí ọwọ́ ọmọ àbúrò mi." Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní tirẹ̀ kọjú sí ògiri.

"Inú ń bí mi sí ọ," ni ó sọ. "Mo ti mọ̀ pé o mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ó máà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò lo "ẹ" fún un. Ọwọ́-Ọ̀tún gbà á, nítorí ọ̀wọ̀ ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ṣe ẹ̀gbọ́n ló ń jẹ ẹ́.

Ìdájọ́ Bàbá kò gùn. Dókítà ṣì nílò rédíétọ̀ alumíníọ̀mù, wọ́n á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni yóò máa fi ẹnu ṣe é, Ọwọ́-Ọ̀tún ni yóò máa fi ọwọ́ ṣe é, kò sì gbọdọ̀ ṣe ohun tí wọn kò bá sọ fún un. Bákan náà, gbogbo ẹ̀kọ́ tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò lè kọ ní kíláàsì, òun ni yóò máa bá a kọ ọ́ títí ọwọ́ yóò fi jinná.

Kò rọrùn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kì í pariwo, ṣùgbọ́n kì í gba gbẹ̀rẹ́. "Tún un wọ̀n. Rárá, tún un wọ̀n." Ìgbà kan tí Ọwọ́-Ọ̀tún gé páálí ìwọ̀n tó wọ́ bí ẹnu ẹni tó ń kẹ́gàn, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò ó títí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ojú tì í pé ó rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì sì jọ rẹ́rìn-ín. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ fún un bí bàbá òun ṣe máa ń mọ̀ pé alumíníọ̀mù fẹ́ yọ́ kí ó tó yọ́. Ọwọ́-Ọ̀tún fetí sílẹ̀. Ó wá rí ohun tí bàbá rẹ̀ rí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí rédíétọ̀ tuntun parí, inú abọ́ ńlá ni wọ́n ti fọ̀ ọ́, pẹ̀lú omi lásán àti ọṣẹ ìfọwọ́. Báńdéèjì ti kúrò. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣì ń gbọ̀n mú búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà, ó kọ ọ́ sára àgbá sódà gàdàgbà: ALUMÍNÍỌ̀MÙ KÒ GBỌDỌ̀ WỌ IBÍ. Àwọn lẹ́tà náà wọ́, kò sì sí ẹni tó gbà kí wọ́n tún un kọ.

Ní òwúrọ̀ ìdíje tó tẹ̀lé e, Dókítà wá gbé wọn. Àyè olùrànlọ́wọ́ kan ṣì ni. Ọwọ́-Ọ̀tún fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀wù pupa náà kọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ́rùn, ẹ̀wù náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì.

"Dúró ní apá òsì Bàbá," ni ó sọ fún un. "Wọn kì í béèrè sípánà. Wọ́n kàn máa ń na ọwọ́ ni."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù."

Bàbá wà lábẹ́ iwájú mọ́tò, ó ń fún ìdè họ́ọ̀sì le kí wọ́n tó gbéra. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láì wẹ̀yìn. Ọwọ́-Ọ̀tún tó sún mọ́ ọn jù lọ fi sípánà sí i. Bàbá dì í mú, kò tètè lò ó.

"O ṣé, Ọwọ́-Ọ̀tún," ni ó sọ.

Ọwọ́-Ọ̀tún kò mọ̀ bóyá Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ ni tàbí ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mọ́tò pupa náà lọ, Ọwọ́-Ọ̀tún dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń gbọ́ ìró rẹ̀ títí kò fi gbọ́ ọ mọ́, inú rẹ̀ sì dùn fún ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Ìyẹn yà á lẹ́nu.

Ẹni tó ń jowú a máa rò pé ara tòun ni wọ́n ti bu gbogbo ohun tí wọ́n fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìfẹ́ òbí rí, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni iyì iṣẹ́ sì rí. Bí o bá mọ ewu tó wà níwájú ọmọnìkejì rẹ, sọ ọ́ kó tó débẹ̀, nítorí omi tí a fi ń tọrọ àforíjì kì í fọ gbogbo àpá tán. Àpá ọwọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà níbẹ̀ títí di òní. Ọwọ́-Ọ̀tún sì ń rí i lójoojúmọ́ tí wọ́n bá jọ ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kan náà.